Ilẹ̀ tó ń wó, ilẹ̀ tó ń mì: ohun tó yẹ kí ọmọ Yorùbá lẹ́yìn odi mọ̀ kó tó ra ilẹ̀

Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ àti òkè tó ń yọ iná, ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Japan ni. Òótọ́ ni pé Nàìjíríà ò sí ní ààlà ibi tí awẹ́ ilẹ̀ ayé méjì ti ń gbún ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé Abuja, Kàdúná, Gombe, Anambra tàbí Taraba ò lè sọ pé kò kan òun. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí fún àjòjì. Ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ ò fẹ́ kọ́lé sí ni ajẹ́ńtì máa ń kọ́kọ́ mú wa lọ wò, torí ó pọ́ọ́kú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Ìgbò, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti le jù. Kòtò ọ̀gbàrá tó wà ní agbègbè Agulu àti Nanka, ní ìpínlẹ̀ Anambra, ti di ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń wá wò láti òkè òkun. Àwọn ibì kan wà tó jìn ju 50 mítà lọ. Ilé alájà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á wọ inú rẹ̀ láìyọ orí. Ó ti gbé ilé, oko àti ọ̀nà lọ, kò sì tíì dúró.

Kí ló fà á? Ẹ wo irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Yanrìn tí kò dì mọ́ra ló wà nísàlẹ̀, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Nanka Sands. Ilẹ̀ pupa tó le díẹ̀ ló bò ó lórí. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ pupa yẹn bá wà ní pípé, tí igi àti koríko sì dì í mú, kò séwu. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé igbó, tàbí tí kọngílá la ọ̀nà tó sì parí gọ́tà sí àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí kò gbé omi dé odò, ọjọ́ yẹn ni omi òjò máa ráyè kan yanrìn. Á sì máa bù ú lọ bí ẹni ń bu gààrí.

Èyí táwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé omi orí ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Omi tó ti mu wọlẹ̀ máa ń ṣẹ́ jáde ní ẹsẹ̀ ògiri kòtò náà, á máa kó yanrìn jáde díẹ̀díẹ̀, títí abẹ́ ògiri á fi di ihò. Ẹni tó dúró lókè ò ní rí nǹkan kan ju ilẹ̀ gbígbẹ tó le koko. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi lè wó lẹ́yìn tí òjò ti dá pátápátá, nígbà míì lóru tí gbogbo ilé ti sùn. Tẹ́ ẹ bá ń gbé nítòsí irú kòtò bẹ́ẹ̀, ẹ má torí pé òjò dá kẹ́ ẹ wá sọ pé ewu ti tán.

Ẹni tó mọ ilẹ̀ wò máa ń rí àmì rẹ̀ kó tó di pé ó wó. Ilẹ̀ á sán ní ìlà gígùn tó bá etí kòtò lọ. Igi á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, òpó iná náà á tẹ̀. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí dáadáa tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹ tètè kẹ́rù yín tẹ́ ẹ bá ti rí méjì nínú wọn.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ ni, ẹ lọ wò ó nígbà òjò, kì í ṣe nígbà ọyẹ́. Ẹ tẹ̀ lé gọ́tà àdúgbò náà dé ibi tó parí sí, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ bi ìyá arúgbó tó ń gbé nítòsí, kì í ṣe ajẹ́ńtì, pé níbo ni etí kòtò yìí wà lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Tó bá ní ọgbà ẹ̀gẹ́ òun ló wà níbẹ̀ nígbà náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. C of O ò ní kí ilẹ̀ má wó o.

Anambra nìkan kọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà ní Imo, ní Auchi ní ìpínlẹ̀ Edo, ní Calabar, àti ní Gombe lókè Ọya. Ní 2012, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní NEWMAP pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì fi bá ọ̀pọ̀ kòtò jà: wọ́n la ojú omi tuntun, wọ́n fi òkúta àti kọnkéré tẹ́ ẹ, wọ́n gbin koríko àti ọparun sí i létí. Èyí tí kò gbówó púpọ̀ tí àdúgbò fúnra rẹ̀ lè ṣe ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan máa gba omi òrùlé rẹ̀ sínú tánkì tàbí kòtò ọgbà, kí wọ́n má sì da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Èmi ò rò pé ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sínú kòtò láti fi dí i ń ṣe é láǹfààní kankan. Òjò kan ló máa gbé e lọ.

Ká wá sọ ti ilẹ̀ tó ń mì. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, ilẹ̀ mì ní Kwoi, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 7, ó kan Mpape àti àwọn àdúgbò míì ní Abuja, títí kan Maitama. Nílé, ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀: ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984, wọ́n sì gbọ́ ọ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta.

Àpáta tó wà nísàlẹ̀ wa ti gbó gan-an, ó sì ti sán láti ayébáyé. Ọ̀kan nínú ojú ìsán yẹn gba Ifẹ̀wàrà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lọ títí dé Zungeru ní ìpínlẹ̀ Niger. Awẹ́ ilẹ̀ tí Áfíríkà jókòó lé ń rìn díẹ̀díẹ̀, àárín òkun Àtìláńtíìkì ń tì í, agbára yẹn sì ń dé ọ̀dọ̀ wa náà. Níbi tí àpáta ti sán, á yẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ á mì. Àwọn onímọ̀ tún mẹ́nu ba omi tí wọ́n ń fà lábẹ́ ilẹ̀ ní àfàjù àti òkúta tí wọ́n ń fi bọ́ǹbù fọ́ ní Mpape.

Títí di báyìí, àwọn tá à ń sọ yìí kéré. Ṣùgbọ́n ní Accra, lọ́jọ́ 22 oṣù kẹfà 1939, èyí tó wáyé wó ilé, ó sì pa èèyàn. Bọ́lẹ̀ bá mì, ẹ má sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, ẹ fọwọ́ bo orí, ẹ dì í mú títí yóò fi dúró. Tẹ́ ẹ bá wà níta, ẹ jìnnà sí fẹ́ǹsì àti tánkì omi orí irin, torí àwọn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wó lu èèyàn. Ẹni tó bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé aago méjì òru ni ilẹ̀ máa mì, irọ́ ló ń pa. Kò sí onímọ̀ kankan láyé tó lè sọ wákàtí rẹ̀.

Èyí tó kù wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Taraba àti Benue. Adágún omi kan wà ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, kò jìnnà sí ààlà wa, Nyos lorúkọ rẹ̀. Ojú òkè iná àtijọ́ ló jókòó sí, ó sì jìn tó 200 mítà. Gáàsì carbon dioxide ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wọ inú omi rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1986, gáàsì náà ru jáde lójijì bí ìgò mínírà tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó lè rí i, ó kàn ṣàn gba àfonífojì lọ bí omi. Èèyàn bíi 1,700 ló kú, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lórí òkè ló yè é. Láti 2001 ni wọ́n ti fi páìpù sínú adágún náà tó ń tú gáàsì jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi méjì kún un ní 2011.

Ohun tó wá kan Nàìjíríà ni ògiri òkúta tó dá omi náà dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n bẹ̀rù nígbà kan pé kò lágbára tó. Bí ó bá ya, odò Katsina-Ala ni omi náà máa gbà wọ Taraba, kó tó dé Benue. Torí rẹ̀ pẹ̀lú ni ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ́ ìdámú omi Kashimbila sí ìjọba ìbílẹ̀ Takum, kó lè gba omi náà dúró kó tó dé àwọn ìlú ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù tàbí oko létí odò Katsina-Ala, kó ti mọ ọ̀nà tó gba orí òkè lọ láti ilé rẹ̀. Bí ìjọba bá kéde pé kí wọ́n kúrò létí odò, ọmọ àti ìwé ni kó kọ́kọ́ kó. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.