Gbèsè Ni, Kì í Ṣe Sàárà: Ìtàn Títún Ilé Àwọn Sójà Àtijọ́ Ṣe ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ojú ogun sì loko sójà. Bó bá wá délé, tí ilé ń jò lé e lórí ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà lónìí, àwọn ẹgbẹ́ onínúure kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa tún ilé ṣe fún àwọn sójà àtijọ́ tí ọwọ́ wọn ò ká a mọ́. Wọ́n á pààrọ̀ òrùlé, wọ́n á tún àtẹ̀gùn tó ti jẹrà kàn, wọ́n á fẹ ẹnu ọ̀nà kí kẹ̀kẹ́ arọ lè ráyè kọjá, wọ́n á kan irin mọ́ ògiri balùwẹ̀ kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú. Iṣẹ́ àánú gidi ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí a ò lè gbójú fò: ṣebí ìjọba ló rán wọn lọ sógun, kí ló wá dé tó fi jẹ́ aládùúgbò ló ń gun àkàbà? Ká tó lè dáhùn, àfi ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1865, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń kásẹ̀ nílẹ̀, Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin tó dá ibùgbé sílẹ̀ fún àwọn sójà tó di aláàbọ̀ ara lójú ogun. Lọ́jọ́ kejì gan-an, nígbà tí wọ́n ń búra fún un lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ ọ́ ní gbangba pé ojúṣe orílẹ̀-èdè ni láti tọ́jú ẹni tó ru ẹrù ogun, pẹ̀lú opó rẹ̀ àti ọmọ tó fi sílẹ̀. Ibùgbé àkọ́kọ́ ṣí ní Togus, ìpínlẹ̀ Maine, lọ́dún 1866. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe rí: ẹni tó bá fẹ́ wọbẹ̀ á fi ilé tirẹ̀ sílẹ̀, á wọ yunifọ́ọ̀mù, á sì máa tẹ̀ lé òfin bíi ti bárékè. Owó ìfẹ̀yìntì wà fún ẹni tó bá dúró sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òrùlé rẹ̀ ò kan ìjọba.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìlérí tún dé. Lọ́dún 1924, wọ́n ṣòfin pé àwọn sójà máa gba owó àjẹmọ́nú, wọ́n ní kí wọ́n ṣe sùúrù di 1945. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ebi ò jẹ́ kí sùúrù ṣeé ṣe mọ́. Lọ́dún 1932, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wọ́ lọ sí Washington, àwọn míì kó ìyàwó àtọmọ dání, wọ́n fi pákó àlòkù àti páànù kọ́ ahéré sétí odò Anacostia. Lọ́jọ́ 28 oṣù Keje, ìjọba kó ológun tì wọ́n, Ọ̀gágun Douglas MacArthur ló ṣáájú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ahéré ti di eérú. Sójà ló lé sójà o. Ọdún 1936 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sanwó náà.

Ìtìjú yẹn wà lára ohun tó bí òfin tí Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1944, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí GI Bill. Báńkì ló máa yá sójà lówó ilé, ìjọba á ṣe onígbọ̀wọ́. Títí di 1952, irú ẹ̀yáwó ilé bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2.4. Ṣùgbọ́n ọwọ́ báńkì ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọ̀pọ̀ báńkì ò sì fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú sójú. Lọ́dún 1947, ìwádìí kan ní ìlú 13 ní Mississippi fi hàn pé nínú ẹ̀yáwó 3,229 tí ìjọba ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ fún ilé, okòwò àti oko, 2 péré ló bọ́ sọ́wọ́ sójà aláwọ̀ dúdú. Méjì! Ẹni tí wọ́n fi ilé tó dáa dù nígbà tó lágbára, ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu bó bá darúgbó sínú ilé tó ń wó? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ibi tí ògiri ti lanu nìyẹn.

Ẹ̀yáwó náà sì rèé, sísan ni wọ́n ń san án padà. Arúgbó tó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì táṣẹ́rẹ́, kí ló fẹ́ fi san? Lọ́dún 1948, wọ́n ṣe òfin míì tó ń fún sójà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ ní ìdajì owó ilé tí kẹ̀kẹ́ arọ lè rìn nínú rẹ̀, kó má sáà ju 10,000 dọ́là lọ. Kò ní san án padà. Ètò kékeré kan tún wà fún àtúnṣe: fún ọ̀pọ̀ ọdún, 6,800 dọ́là ni fún ẹni tí iṣẹ́ ológun ló ṣe é léṣe, 2,000 dọ́là fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ò tinú iṣẹ́ ológun wá. Fún gbogbo ayé onítọ̀hún ni o, kì í ṣe ọdọọdún. Dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Dókítà lè kọ ọ́ pé aláìsàn nílò irin dídìmú ní balùwẹ̀. Ta ló máa kọ oògùn fún òrùlé tó ń jò? Òjò ò sì bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa.

Ibi tí ọwọ́ òfin ò tó yìí lọwọ́ èèyàn ti wọlé. Lọ́dún 1973, ní Midland, ìpínlẹ̀ Texas, àwọn ará àdúgbò kan yan ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, wọ́n gbé hámà àti ọ̀dà, wọ́n lọ tún ilé àwọn tí ò rí bá ti ṣé ṣe. "Kérésì inú oṣù Kẹrin" ni wọ́n sọ ọ́. Àwa mọ̀ ọ́n, ọ̀wẹ̀ ni. Ó di ẹgbẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́dún 1988, òun là ń pè ní Rebuilding Together lónìí. Arúgbó àti aláìní ni wọ́n ń ṣe é fún, àwọn sójà àtijọ́ sì pọ̀ lára wọn.

Àwọn sójà fúnra wọn náà ò káwọ́ gbera. Dale Beatty àti John Gallina wà nínú ọkọ̀ kan náà ní Iraq ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004 nígbà tí àdó abẹ́ ilẹ̀ bú. Beatty pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, Gallina fara pa lórí àti lẹ́yìn. Nígbà tí Beatty padà sí North Carolina, ará ìlú bá a kọ́ ilé. Àwọn méjèèjì wá bi ara wọn léèrè pé, àwọn baba tó ja ogun Vietnam ńkọ́, tí ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún nígbà tí wọ́n dé? Lọ́dún 2008, wọ́n dá Purple Heart Homes sílẹ̀ ní Statesville. Beatty kú lọ́dún 2018, iṣẹ́ náà ò dúró.

Ìjọba rí i. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2014, Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí òfin kan tó ní ètò ìdánwò nínú, láti tún ilé àwọn sójà àtijọ́ tó jẹ́ aláìní tàbí aláàbọ̀ ara ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe là á: ẹgbẹ́ onínúure ni wọ́n máa fún lówó, ẹgbẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ wá tirẹ̀ kún un. Ẹni tó jẹ gbèsè ń rán ẹlòmíì lọ san án, ó tún ní kó mówó dání lọ.

A ò bú àwọn tó gun àkàbà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àmọ́ ọ̀wẹ̀ àti sàárà ò kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ, á jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé lọ́la òun náà á lọ sí tẹlòmíì. Ẹni tó ń gba sàárà, ilẹ̀ ló ń wò. Sójà àtijọ́ tó bá wà nínú ilé tó ń jò ti ṣe ọ̀wẹ̀ tirẹ̀ tipẹ́, ibi tí ìbọn ti ń dún ló ti ṣe é. Bí wọ́n bá wá kan òrùlé fún un, ká bá a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó mú hámà wá. Ká sì bi ìjọba léèrè ta ló yẹ kó sanwó pákó.