Miyagi Michio àti Koto: Bí Orin Ìbílẹ̀ Jàpáàn Ṣe Pàdé Orin Òyìnbó

Ní ọdún 1879, ìjọba Jàpáàn gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Izawa Shuji láti ṣètò ẹ̀kọ́ orin fún ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ni bíi tiwa ni Izawa. Ó ti kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Bridgewater, Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ kí orin ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó dà pọ̀, ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, ti òyìnbó ló gba iwájú. Koto, ohun èlò olókùn 13 tí a ń tẹ́ sílẹ̀ ta, kù sọ́wọ́ àwọn ọ̀gá orin tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ afọ́jú. Ìjọba sì ti tú ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú wọ̀nyí ká láti 1871.

Ìlú Kobe ni wọ́n bí Miyagi Michio sí ní 1894. Ojú rẹ̀ fọ́ ní kékeré, koto sì di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi ń kọ́ni ní Kòríà kí ìdílé rẹ̀ lè jẹun. Ibẹ̀ ló ti ṣe orin rẹ̀ àkọ́kọ́, Mizu no Hentai, ní 1909. Inú ìwé-kíkà àbúrò rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orin náà ti wá: ọmọ náà ń kà á sókè, ẹ̀gbọ́n ń gbọ́. (Ẹ jẹ́ kí àwa tí à ń yan ìwé-kíkà fún ọmọdé rántí èyí.)

Miyagi dé Tokyo ní 1917. Ó rí i pé koto kò ní ohùn ìsàlẹ̀ tó lè gbé orin ẹlẹ́gbẹ́ dúró, nítorí náà ó ṣe olókùn 17 ní 1921. Ó tilẹ̀ ṣe olókùn 80, èyí tí kò rí ẹni gbà á.

Haru no Umi, tó ṣe fún koto àti fèrè ọparun ní 1929, ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1932, Renée Chemet, ará Faransé, fi gòjé òyìnbó ta ipa fèrè náà, wọ́n sì gbà á sínú àwo.

Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ìbílẹ̀ sọ pé ó ba koto jẹ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó kọ́ koto lọ́nà àtijọ́ ni àyípadà náà ti wá, láti inú ohun tí koto fúnra rẹ̀ ṣaláìní. Láti 1930 ló sì ti ń kọ́ni ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Orin Tokyo, ilé-ẹ̀kọ́ tó jáde láti inú ìgbìmọ̀ Izawa.

Ó já bọ́ láti inú ọkọ̀ ojú irin ní 1956, ó sì kú. Olókùn 17 ṣì wà nínú ẹgbẹ́ koto títí dòní, a sì máa ń gbọ́ Haru no Umi káàkiri Jàpáàn lásìkò ọdún tuntun.