Ráhùn Òǹwòran, Ìṣúra Ìtàn: Bí Àwọn Olólùfẹ́ Doctor Who Ti Ń Gba Apá Tuntun Láti Ọdún 1963



Ìfáárà

Orí ọ̀rọ̀ tí mo yàn lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn a ní kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ pẹ̀lú eré amóhùnmáwòrán tí a ṣe fún àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó sí agbo ìjálá rí mọ̀ pé bí apohùn bá ṣi ìtàn tàbí oríkì sọ, onímọ̀ mìíràn lè dá a lẹ́kun lójú agbo. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹni tí ó dá apohùn lẹ́kun kórìíra ìjálá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ nípa ohun tí olùgbọ́ àti òǹwòran ń ṣe sí iṣẹ́ ọnà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí ẹ̀kọ́ tiwa.

Eré tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni Doctor Who, tí Iléeṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ sí fi hàn ní ọdún 1963. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a bi ara wa kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí òǹwòran bá ráhùn sí apá tuntun nínú eré tí ó fẹ́ràn, kí ni ó ń ṣe gan-an? Àwọn kan gbà pé àìmoore ni. Àwọn mìíràn gbà pé ọ̀rọ̀ aláìríṣẹ́ṣe ni. Èrò tèmi, tí n óò gbìyànjú láti fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀, ni pé ó ń ṣọ́ ohun tí ó kà sí tirẹ̀. Ìṣọ́ náà a máa mú àṣìṣe lọ́wọ́, àmọ́ láìsí i, púpọ̀ nínú eré náà ì bá ti pa rẹ́.

Bí eré náà ti bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kọkànlá ọdún 1963, ni apá kìn-ín-ní jáde. Ọjọ́ kejì ikú John F. Kennedy, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ni. Ìròyìn ikú náà gba gbogbo ọkàn débi pé BBC tún fi apá kìn-ín-ní hàn ní ọ̀sẹ̀ kejì kí apá kejì tó tẹ̀ lé e. Sydney Newman, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ni olórí ẹ̀ka eré nígbà náà. Obìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, Verity Lambert, ni ó gbé eré náà jáde; Waris Hussein, tí a bí ní ilẹ̀ Íńdíà, ni ó sì darí ìtàn àkọ́kọ́.

Ìtàn náà kò ṣòro láti lóye. Arìnrìn-àjò kan wà tí à ń pè ní Dókítà. Ọkọ̀ rẹ̀ rí bí àpótí aláwọ̀ búlúù tí àwọn ọlọ́pàá fi ń pe ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nílùú Lọndọnu, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tóbi ju òde rẹ̀ lọ, ó sì lè gbé èèyàn lọ sí ìgbà àti ibi gbogbo. Newman kò fẹ́ kí àwọn ẹ̀dá abàmì olójú-ńlá wọ inú eré náà. Ẹ̀kọ́ ìtàn àti sáyẹ́ǹsì ni ó fẹ́ kí àwọn ọmọdé rí kọ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn Dalek tí Terry Nation kọ, tí Raymond Cusick sì ya àwòrán ìrísí wọn, jáde. Àwọn ọmọ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí sín wọn jẹ káàkiri. Kí ìtàn náà tó parí, àwọn òǹwòran ti tó bíi mílíọ̀nù 10. Ẹ kíyè sí i pé láti oṣù kejì tí a bí eré yìí ni àwọn òǹwòran ti yí ojú rẹ̀ padà sí ibi tí ẹni tí ó dá a sílẹ̀ kò fẹ́.

Ráhùn tí ó di òfin

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1966, William Hartnell, òṣèré tí ó ń ṣe Dókítà, fi eré náà sílẹ̀ nítorí àìlera. Àwọn tó ń ṣe eré náà kò pa Dókítà; ńṣe ni wọ́n mú kí ó pààrọ̀ ara, ó sì di Patrick Troughton. Iléeṣẹ́ BBC ní ẹ̀ka kan tí ó máa ń wádìí èrò àwọn òǹwòran. Ìwádìí náà fi hàn pé àwọn kan kò gba ẹni tuntun yìí. Lójú wọn, apanilẹ́rìn-ín lásán ni. Lónìí, pípààrọ̀ ara yìí ni gbogbo olólùfẹ́ eré náà kà sí ìpìlẹ̀ rẹ̀, Troughton sì wà lára àwọn tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

Ẹ̀rí kejì lágbára ju èyí lọ. Ní ọdún 1976, Robert Holmes kọ ìtàn kan tí a pè ní The Deadly Assassin. Ìjà méjì ni ó dá sílẹ̀. Ìkíní wá láti ìta. Mary Whitehouse, tí ó ń ṣagbátẹrù ìwà mímọ́ lórí amóhùnmáwòrán, bínú nítorí pé apá kẹta parí síbi tí wọ́n ti tẹ orí Dókítà rì sínú omi. BBC tọrọ àforíjì, wọ́n sì gé ìparí náà kúrò lára téèpù wọn. Ìjà kejì wá láti inú ilé. Ọdún náà gan-an ni a dá Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Doctor Who sílẹ̀, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà sì kọ lu ìtàn yìí kíkankíkan. Ẹ̀sùn wọn ni pé àwọn Time Lord, ẹ̀yà Dókítà, tí a ti rí tẹ́lẹ̀ bí òrìṣà, ni Holmes sọ di arúgbó olóṣèlú tí ń dìtẹ̀ mọ́ ara wọn.

Inú ìtàn yìí náà ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ìgbà méjìlá péré ni Time Lord lè pààrọ̀ ara. Àwọn ọmọ tí wọ́n wo The Deadly Assassin dàgbà tán, wọ́n sì gba gbolóhùn yìí bí òfin tí kò ṣe é yí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, nígbà tí iye náà pé, àwọn tí ń kọ eré náà kò lè kọjá òfin yìí láìwá ọ̀nà pàtàkì tí a fi lè fún Dókítà ní ìyè mìíràn. Ohun tí ìran kan pè ní ìbàjẹ́ ni ìran kejì fi ṣe àṣà, tí ó sì ń fi ṣe òṣùwọ̀n láti dá ẹlòmíràn lẹ́bi.

Nígbà tí olùráhùn di òǹkọ̀wé

Ní oṣù Kejì ọdún 1985, ìròyìn jáde pé Michael Grade, ọ̀gá tí ó ń ṣàkóso BBC1, ti dá eré náà dúró fún oṣù 18. Ariwo ta. Àwọn olólùfẹ́ eré náà kọ lẹ́tà, ìwé ìròyìn gbé e, wọ́n tilẹ̀ ṣe àwo orin kan láti fi ṣe ìwọ́de. Eré náà padà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986 pẹ̀lú apá 14. Nígbà tí ó parí ní oṣù Kejìlá, BBC pe àwọn ọ̀dọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ wá sí ètò kan tí ń jẹ́ Open Air. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún kan sọ ọ́ láìfòyà pé ìtàn náà kò dára tó. Pip Baker àti Jane Baker, tọkọtaya tí wọ́n kọ lára rẹ̀, wà nínú ètò náà láti gbèjà iṣẹ́ wọn. Orúkọ ọmọkùnrin náà ni Chris Chibnall.

A dá eré náà dúró ní ọdún 1989. Ó padà lẹ́ẹ̀kan bí fíìmù kan ṣoṣo ní 1996, ó sì wá jí dìde pátápátá ní oṣù Kẹta ọdún 2005 lábẹ́ Russell T Davies, tí òun náà ti fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré. Peter Capaldi, tí lẹ́tà rẹ̀ nípa eré náà jáde nínú ìwé ìròyìn Radio Times ní 1974 nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọdé, di Dókítà fúnra rẹ̀ ní 2013. Ní ọdún 2018, Chibnall ti di ọ̀gá àwọn òǹkọ̀wé. Òun ni ó yan Jodie Whittaker, obìnrin àkọ́kọ́ tí a fi ṣe Dókítà. Nígbà tí a kéde èyí ní oṣù Keje ọdún 2017, àwọn kan yọ̀, àwọn kan búra pé àwọn kò ní wò ó mọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ó fi The Timeless Children hàn wá, tí ó sọ pé Dókítà ti gbé ayé púpọ̀ kí ó tó di Hartnell. Agbo àwọn olólùfẹ́ eré pín sí méjì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ sọ sí i kò yàtọ̀ púpọ̀ sí irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ sí àgbà ní 1986.

Kì í ṣe láti fi Chibnall ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo ṣe mẹ́nu ba èyí. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé láàárín òǹwòran àti òǹkọ̀wé, kò sí odi. Ẹni tí ń ráhùn lónìí ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀la lọ́wọ́. Bí ráhùn bá di èébú tí a ń bú òṣèré nítorí ohun tí a bí i sí, nígbà náà ó ti kúrò ní ìṣọ́, ó ti di ìlara ẹni tí ń rò pé òun nìkan ni ó ni ilẹ̀kùn ilé. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, ó sì yẹ kí olùkọ́ lítíréṣọ̀ lè fi han akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí àwọn olùráhùn tọ́jú

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, BBC a máa pa ohun tí ó wà lórí téèpù rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò. Apá 253 ni eré náà ní ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ṣègbé. Ṣùgbọ́n ohùn gbogbo apá wọ̀nyí pátá ṣì wà lónìí. Kì í ṣe iléeṣẹ́ ni ó tọ́jú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú amóhùnmáwòrán nínú ilé bàbá wọn ni. Irú àwọn èèyàn tí à ń pè ní aláṣejù ni wọ́n ṣe iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ńlá kò ṣe.

Àwòrán ńkọ́? BBC ti ta ẹ̀dà eré náà lórí fíìmù fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn apá kan padà sí Lọndọnu láti Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, a kéde ìwárí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ: Philip Morris, tí ń wá fíìmù tó sọnù kiri, ti rí apá mẹ́sàn-án tí a kò ní tẹ́lẹ̀ nílùú Jos. Ìtàn The Enemy of the World pé pérépéré, The Web of Fear sì ṣẹ́ ku apá kan kó pé. Lẹ́yìn ìwárí náà, apá 97 ni ó ṣì sọnù.

Kí ni èyí ṣe sí ìdájọ́? Ṣáájú 2013, apá kan ṣoṣo nínú mẹ́fà ni ó kù nínú The Enemy of the World, kì í sì í ṣe èyí tí ó dùn jù. Nítorí náà, àwọn olólùfẹ́ eré kò ka ìtàn náà sí. Nígbà tí wọ́n wá rí i lódindi, tí wọ́n rí bí Troughton ti ṣe Dókítà tí ó tún ṣe òṣìkà aláṣẹ tí ń jẹ́ Salamander, iyì rẹ̀ lọ sókè. A gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí The Tomb of the Cybermen, tí a rí ní Hong Kong: òkìkí rẹ̀ ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi kùn nígbà tí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ohun tí ó bá kù ní ilé ìpamọ́ ni ó ń sọ ohun tí a óò máa pè ní iṣẹ́ dáradára.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ọdún 2025, apá kan jáde tí a pè ní The Story & the Engine. Inú ilé agẹrun kan ní Èkó ni Dókítà, tí Ncuti Gatwa ọmọ ilẹ̀ Rùwáńdà ń ṣe, lọ. Ìtàn tí àwọn oníbàárà ń sọ ni ó ń fún ẹ̀rọ kan lágbára níbẹ̀. Inua Ellams, akéwì tí a bí ní Jos, ni ó kọ ọ́. Ìlú tí ó tọ́jú fíìmù wọn láìmọ̀ ni ó tún bí òǹkọ̀wé fún wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ráhùn òǹwòran. Ìdájọ́ wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè yí padà. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, nítorí olùráhùn lè di òǹkọ̀wé. Ìtọ́jú sì wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò bìkítà kò ní gba ohùn sílẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀ fún yín nìyí. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1968 ni The Village Headmaster tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀ bọ́ sórí amóhùnmáwòrán. Àwọn baba àti ìyá wa wo àwọn eré wọ̀nyí, wọ́n yìn wọ́n, wọ́n sì bú wọn. Àwọn àjèjì wá fíìmù tiwọn dé Jos. Ta ni ń wá tiwa? Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: ẹ lọ bá àwọn àgbà, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n sọ ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n rí i. Ẹ yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò bóyá téèpù kan wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ráhùn pé eré náà bàjẹ́ nígbà tó yá, ẹ kọ ráhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú déètì rẹ̀.