Ẹ̀tẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́: Oògùn Tó Dá Iṣẹ́ Kòkòrò Dúró

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù. Òwe náà fi ojú tí àwùjọ fi ń wo alárùn ẹ̀tẹ̀ hàn: ẹni tí ìka rẹ̀ ti gé, tí a kò retí ohun rere lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Láyé ọjọ́un, ẹ̀yìn ìlú ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé títí ọlọ́jọ́ fi ń dé. Lónìí, ẹni tí ẹ̀tẹ̀ bá mú, tí ó sì tètè wá ìtọ́jú, yóò lo oògùn fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, yóò sì sàn pẹ̀lú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà méjèèjì? Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ lè là wá lóye.

Ní ọdún 1907 ni Dókítà George Green, tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Amẹ́ríkà rán wá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ara iṣẹ́ náà ni ilé ìwòsàn ìjọ Onítẹ̀bọmi ti dìde, èyí tí ó di ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen ní ọdún 2009. Ní àwọn ọdún 1930, abúlé ìtọ́jú àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ ti wà lábẹ́ iṣẹ́ ìránṣẹ́ yìí. Wọ́n rí ibùgbé, wọ́n rí ìtọ́jú egbò. Oògùn gan-an ni kò sí.

Kì í ṣe pé ayé kò mọ ohun tó ń fa àrùn náà. Láti ọdún 1873 ni Dókítà Hansen, ará Norway, ti rí kòkòrò tí ń fa ẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á mọ olè yàtọ̀ sí kí á mú un. Òróró igi chaulmoogra, tí ó ti Ásíà wá, ni wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé. Abẹ́rẹ́ náà dunni wọra, àǹfààní rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1940, ìrètí dé. Oògùn dapsone àti àwọn ẹbí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀tẹ̀ sàn. Owó rẹ̀ kò wọ́n, hóró rẹ̀ ṣeé gbé mì. Àmọ́ òun nìkan ni wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni aláìsàn fi ń lò ó. Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò ẹ̀tẹ̀ kan ti wà tí dapsone kò ràn mọ́. Ogun tí a rò pé a ti ṣẹ́ tún padà dé.

Oògùn tí ó gba ipò aṣíwájú ni rifampicin. Inú erùpẹ̀ tí wọ́n bù ní gúúsù ilẹ̀ Faransé ni àwọn onímọ̀ ará Ítálì ti rí orísun rẹ̀ ní ọdún 1957. Kí á tó lè mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá ahunṣọ òfì kan ní Ọ̀yọ́. Bàbá yìí ní bátànì àjogúnbá kan nínú àpótí. Kì í gbé e fún ọmọṣẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ni ó ń ṣe fún wọn. Ọmọṣẹ́ á gbé ẹ̀dà náà sídìí òfì, á máa wò ó, á máa fi òwú kan tẹ̀ lé òmíràn títí aṣọ yóò fi jáde.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni inú kòkòrò rí. Bátànì náà ni DNA. Aṣọ náà ni purotéènì, tí kòkòrò fi ń jẹun, tí ó fi ń dàgbà, tí ó fi ń pọ̀ sí i. Òfì náà ni a ń pè ní ráíbósóòmù. Ohun tí rifampicin ń ṣe ni pé ó di ẹni tí ń ṣe ẹ̀dà mú. Òfì wà níbẹ̀, òwú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ọmọṣẹ́ yóò wò hun. Kòkòrò a sì kú.

Àwọn oògùn mìíràn tí a mọ̀ dáadáa ń lọ bá òfì fúnra rẹ̀. Streptomycin, tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1943, a máa mú kí ọmọṣẹ́ ṣi ẹ̀dà kà. Tetracycline kì í jẹ́ kí òwú tuntun dé ìdí òfì. Chloramphenicol, tí orísun rẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀ ilẹ̀ Venezuela, kì í jẹ́ kí òwú kan so mọ́ èkejì. Erythromycin a sì dí ojú ọ̀nà tí aṣọ ń gbà jáde. Ara ènìyàn náà ní òfì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí ti kòkòrò. Ìyàtọ̀ yẹn ni ó jẹ́ kí oògùn lè kọlu àlejò láì pa onílé.

Àmọ́ kòkòrò kì í ṣe ọ̀lẹ. Láàárín àìmọye wọn, a lè rí ìwọ̀nba díẹ̀ tí ẹ̀yà ara tí oògùn ń dì mú ti yí padà díẹ̀. Oògùn á pa àwọn yòókù. Àwọn díẹ̀ wọ̀nyí á jogún oko. Ẹ̀kọ́ tí dapsone kọ́ ayé nìyẹn. Nítorí náà, ní ọdún 1981, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí á máa lo oògùn papọ̀: dapsone, rifampicin àti clofazimine. Kòkòrò tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan yóò kó sọ́wọ́ èkejì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ojú òṣìṣẹ́ ìlera ni aláìsàn ti ń gbé rifampicin mì. Láti ọdún 1995, ọ̀fẹ́ ni oògùn náà jákèjádò ayé. Ẹ̀tẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kò tó ti àtijọ́ mọ́.

Ohun tí ó ṣẹ́gun kì í ṣe agbára oògùn nìkan. Ìkóra-ẹni-níjàánu wà níbẹ̀. Èyí gan-an ni ó ṣọ̀wọ́n lónìí. Ní ọjà àti nílé ìtajà oògùn káàkiri ìlú wa, ènìyàn lè ra hóró tetracycline méjì péré nítorí inú rírun, kí ó tú kápúsù sójú egbò, tàbí kí ó pa oògùn tì láàárín ọ̀nà nítorí pé ara ti ń yá. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi oògùn han kòkòrò, kò fi pa á. Ó ń pa àwọn aláìlera inú wọn, ó ń fi àwọn alágbára sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀.

Ó lé ní ọdún márùndínlógójì tí iṣẹ́ ìwòsàn Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń lọ kí wọ́n tó rí streptomycin níbikíbi láyé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìmọ̀ dókítà kò lè rọ́pò ohun tí kò sí. Tí a bá fi ọwọ́ ara wa sọ àwọn oògùn wọ̀nyí di omi lásán, ilé ìwòsàn yóò wà, dókítà yóò wà, kápúsù yóò sì kún orí àtẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa yóò ṣófo bí ti àwọn tó tọ́jú ẹ̀tẹ̀ ní ọdún 1930.