Ojú Tí A Kò Fẹ́ Kó Rí Ilé: Ìdènà Lílo Ìkànnì Ayélujára Nínú Iṣẹ́ Ìkọ́lé ní Ìsọlọ̀

Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé ní Ìsọlọ̀ nílùú Èkó, láti Àjàó Estate dé Ago Palace Way, fóònù kò wọ́n. Fọ́máàn ní in, bíríkìlà ní in, lébìrà tó ń ru búlọ́ọ̀kù náà ní tirẹ̀ lápò. WhatsApp ni wọ́n fi ń béèrè iye tí sìmẹ́ńtì dà láàárọ̀, òun náà ni ẹni tó ń kọ́lé láti Lọ́ńdọ̀nù fi ń mọ̀ pé wọ́n ti da dẹ́kìn. Síbẹ̀, ilé tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀ kì í sábà hàn lórí Facebook, Instagram tàbí YouTube. Èyí tí wọ́n ti kùn lọ́dà tán ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń dárúkọ owó dátà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dán mọ́rán àti àìmọ̀ọ́lò. Èrò tèmi ni pé ìdènà tó tóbi jù kò sí nínú fóònù. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ń kọ́ lọ́nà tí ẹni tó ni ín kò fi fẹ́ kí ojú tó o.

Ọ̀rọ̀ owó àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe irọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó iṣẹ́ fóònù gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun já, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìjọba àpapọ̀ náà ti Twitter pa láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2021 di ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní 2022. Ṣùgbọ́n bíríkìlà tó ní dátà wọ́n yìí kan náà ń gbé fídíò òde ìnáwó sórí Facebook ní ọjọ́ Àìkú. Kí ló dé tí kì í gbé ògiri tó mọ ní ọjọ́ Ẹtì síbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo ìpìlẹ̀ ilé. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ, ọmọ onílẹ̀ á wá gba owó ìpìlẹ̀. Bí ilé bá kan dẹ́kìn, wọ́n á padà wá, bó bá sì di àtikan páànù, bákan náà. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 láti dáàbò bo dúkìá sọ ìwà yìí di ọ̀ràn, àmọ́ ẹ̀rù ọmọ onílẹ̀ kò tíì kúrò lára ẹni tó ń kọ́lé. Àwòrán kan ṣoṣo tó fi orúkọ àdúgbò hàn tó láti fi pè wọ́n, ó sì tó láti fi han olè ibi tí irin àti sìmẹ́ńtì wà.

Ojú ìjọba wá ńkọ́? Òfin ètò ìlú tí Èkó ṣe ní 2010 gbé ìwé àṣẹ ìkọ́lé lé LASPPPA lọ́wọ́, ó sì ní kí LASBCA máa yẹ ilé wò bí ó ṣe ń ga. Ẹni tó gba àṣẹ ilé alájà méjì, tó wá ń gbé ẹ̀kẹta lé e, kò ní fi àwòrán rẹ̀ síta. Ẹnjiníà tó kàn tẹ òǹtẹ̀ sórí pílánù, tí kò dé ibi iṣẹ́ rí, kò ní fẹ́ kí orúkọ òun bá fídíò ilé náà rìn. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dun mí jù, nítorí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue wó ní Ìkọ̀tún, tí kò jìnnà sí Ìsọlọ̀, ó sì pa ènìyàn 116. Adájọ́ kòrónà tó ṣèwádìí ikú wọn sọ ní oṣù keje 2015 pé ìjọ náà kò ní ìwé àṣẹ tó yẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ní fóònù lọ́wọ́ ló ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ará ìta kò ní ni ibi tí yóò ti fi ohun tí ojú rẹ̀ rí wé ohun tí ìwé àṣẹ sọ. Bí LASPPPA bá ń gbé iye àjà tí ó fọwọ́ sí fún ilé kọ̀ọ̀kan sí gbangba, àwòrán aládùúgbò á di iṣẹ́ ìṣọ́.

Ìsọlọ̀ tún ní ìdènà kan tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed wà lẹ́yìnkùlé Àjàó àti Máfolúkù. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ fi dróònù ya fídíò iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, ìtòsí pápákọ̀ sì ni òfin náà ti le jù.

Lórí WhatsApp tí wọ́n gbà láti lò, ìṣòro ibẹ̀ ni ẹ̀rí. Bí wọ́n bá fi àwòrán ránṣẹ́ lórí rẹ̀ bí a ti ń ṣe lójoojúmọ́, ó máa ń yọ àmì ibi àti àkókò tí kámẹ́rà kọ sínú rẹ̀ kúrò. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè máa sanwó lórí àwòrán ilé onílé. Bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, àmì náà kì í yọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde wọ kóòtù, tí ẹni tó mú un wá bá lè ṣàlàyé ẹ̀rọ tó ti jáde.

Fóìsì nóòtì ló rọrùn fún oníṣẹ́ ọwọ́ jù, pàápàá níbi tí àwọn tó ń lẹ táìlì ti wá láti Kútọnu tàbí Tógò, tí Yorùbá wọn, Faransé wọn àti Gẹ̀ẹ́sì bíríkìlà kò dọ́gba. Ohùn ni wọ́n fi ń pàṣẹ kí wọ́n lo irin mílímítà 12 dípò 16. Bí fóònù fọ́máàn bá wá bàjẹ́, àṣẹ náà bá a lọ. Ọjọ́ tí òpó bá sán, ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà, yóò bi léèrè kò ní ohun kan lọ́wọ́ tó lè fi hàn pé òun kọ́ ló ní kí wọ́n dín irin kù.