Níbo Ni Iye Àìyípadà Ń Gbé? Ìtàn Ìpinnu Kan Nínú Èdè Ìṣètò Kọ̀ǹpútà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, owó orí ọjà tí gbogbo wa mọ̀ sí VAT kúrò ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 7.5 ní Nàìjíríà. A máa ń fi iye yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE wa ní èdè Java. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣí fáìlì tí a kọ iye náà sí, ó pa 5 rẹ́, ó kọ 7.5, ó fi fáìlì náà fún kọ̀mpáílà, ó sì ní kí ètò ṣiṣẹ́. Rìsíìtì tó jáde ṣì ń fi 5 ṣírò. Ó tún un ṣe, 5 náà ni. Ó wá bi wá pé ta ló ṣì í ṣe, ṣé òun ni àbí ẹ̀rọ. Ẹnu wa kò gbà á lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ni sọ pé iye àìyípadà ni iye tí kì í yí padà nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sọ ni ibi tí iye náà ń gbé lẹ́yìn tí kọ̀mpáílà, ìyẹn ògbufọ̀ tó ń sọ ohun tí a kọ di èdè ẹ̀rọ, bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Èrò wa ni pé ibùgbé yìí ni ìtàn náà dá lé, àti pé ènìyàn ló pinnu rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà ṣáájú àwọn èdè tó dá lé object. Ní 1957 ni John Backus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM gbé Fortran jáde. Ní 1958, Fortran II jẹ́ kí a lè pín iṣẹ́ sí abẹ́-ètò. Àdírẹ́sì ibi tí iye wà nínú ìrántí ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi lé abẹ́-ètò lọ́wọ́, kì í ṣe iye fúnra rẹ̀. Àwọn kọ̀mpáílà kan láyé ìgbà náà a máa fi nọ́ńbà bíi 2 sí ojú kan ṣoṣo, gbogbo ibi tí a bá ti kọ 2 a sì lọ wò ó níbẹ̀. Bí abẹ́-ètò kan bá ṣèèṣì kọ 3 sí àdírẹ́sì tí wọ́n fún un, 2 di 3 káàkiri ètò náà nìyẹn. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí ṣì máa ń fi í ṣe àwàdà. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kò rẹ́rìn-ín o.

Simula 67, tí Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ṣe ní Oslo, ló mú èrò kíláàsì àti object wá. Ibẹ̀ ni Bjarne Stroustrup ti kọ́gbọ́n tó fi bẹ̀rẹ̀ èdè tó padà di C++, ní Bell Labs ní 1979. Nínú C ìgbà náà, `#define` ni wọ́n fi ń sọ iye lórúkọ: wọ́n kàn ń fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn kí kọ̀mpáílà tó rí i rárá. Stroustrup dábàá `readonly` ní 1981. Àwọn onímọ̀ C tó wà níbẹ̀ gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ ní `const`, orúkọ tó wọ ìlànà ANSI C ní 1989. Bí kọ̀mpáílà bá ti mọ iye náà, ó lè fi í sínú àṣẹ ẹ̀rọ tààrà láìfún un ní àyè kankan nínú ìrántí.

Java ló wá sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí a lè fojú rí. Sun Microsystems gbé e jáde ní 1995, James Gosling ni aṣáájú rẹ̀. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì tirẹ̀. Báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀, bí a bá kọ wọ́n ní ìlànà oní-16, jẹ́ CAFEBABE. Àwọn aṣètò náà máa ń ṣeré. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí wọ́n ń pè ní constant pool, tí àwa yóò pè ní àká. Nọ́ńbà, ọ̀rọ̀, orúkọ kíláàsì mìíràn àti ti iṣẹ́ tí kíláàsì náà ń pè, inú àká ni gbogbo wọn wà. Nọ́ńbà oníbáìtì mẹ́jọ ń gba àyè méjì níbẹ̀, àwọn tó kọ ìlànà náà sì ti jẹ́wọ́ nínú ìwé wọn pé ìpinnu yẹn kò dára. Nọ́ńbà kéékèèké kì í dé àká: láti -1 dé 5, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ tirẹ̀, láti -128 dé 127, ó ń tẹ̀lé àṣẹ nínú báìtì kan, láti -32,768 dé 32,767, báìtì méjì tó o. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti ọ̀pọ̀ nọ́ńbà ẹlẹ́sẹ̀ bíi 7.5, inú àká ló ń wọ̀.

Àká ta ni? Ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí. Bí a bá kéde iye kan ní `static final`, tí kọ̀mpáílà sì ti mọ iye náà, àwọn kíláàsì tó bá lò ó kì í lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín mọ́. Kọ̀mpáílà á da iye náà kọ sínú àká tiwọn. Kíláàsì rìsíìtì ti ní 5 tirẹ̀ nílé, kò sì gbọ́ rárá pé nǹkan ti yí padà lọ́dọ̀ ẹnìkejì, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò fún kọ̀mpáílà ní fáìlì rìsíìtì lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní ìdí: `switch` gbọ́dọ̀ mọ iye rẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kọ̀mpáílà sì lè ju ẹ̀ka tí a kò ní lò nù. Ìwé ìlànà Java kìlọ̀ pé iye tí kò ní yí láéláé ló yẹ kí a ṣe báyìí sí. Orí kẹtàlá ìwé náà ni ìkìlọ̀ ọ̀hún wà, mélòó nínú àwa olùkọ́ ló sì ń ka ibẹ̀ dé?

Microsoft kéde C# ní 2000, wọ́n sì ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀ lórúkọ. `const` ń jẹ́ kí a da iye kọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lò ó. `Static readonly` ń jẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, kí a máa lọ wò ó nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́. Lójú tiwa, èyí sàn jù, nítorí pé aṣètò ló ń yàn, ó sì mọ ohun tí òun yàn.

Ní báyìí, kí a tó sọ ìtumọ̀ iye àìyípadà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a ń ní kí wọ́n fi `javap -c -v` tú fáìlì rìsíìtì, kí wọ́n wá 5.0 nínú àká rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bi wá léèrè yẹn rí tirẹ̀. Ó mú iye náà kúrò ní gbangba, ó kọ ọ̀nà kan tí rìsíìtì yóò máa gbà béèrè rẹ̀, ó sì fún kọ̀mpáílà ní fáìlì méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló dá 5 padà, ó tún sọ ọ́ di 7.5, fáìlì kan ṣoṣo ló sì fún kọ̀mpáílà lọ́tẹ̀ yìí. Rìsíìtì náà jáde pẹ̀lú 7.5.