Ògiri Tẹlifíṣàn Nílé Yín ní Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀: Kí Lẹ Fẹ́ Lẹ̀ Mọ́ Ọn?

Tẹ́ ẹ bá ń wo fọ́tò pálọ̀ àwọn òyìnbó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ óò rí i pé ògiri kan wà tí gbogbo àga kọjú sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń dá iná sí nígbà òtútù. Òkúta, bíríkì pupa tàbí pákó ni wọ́n sì fi ń ṣe ògiri ọ̀hún lọ́ṣọ̀ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa l'Ékòó, ta ló fẹ́ dáná sí pálọ̀? Ṣé ooru tó ń mú wa ò tíì tó ni? Bóyá ẹni tó ń gbé ní Jos tàbí lórí òkè Obudu ló lè rò ó. Àmọ́ àwa náà ní ògiri tiwa tí gbogbo àga kọjú sí: ògiri tí tẹlifíṣàn wà.

Ògiri yìí làwọn ọ̀dọ́ ń náwó lé lórí báyìí. Ì báà jẹ́ yàrá kan nínú ilé face-me-I-face-you ní Ajégúnlẹ̀, ì báà jẹ́ fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ní GRA Àpápá, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé á fẹ́ kí ẹ̀yìn tẹlifíṣàn òun "pop". Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé iṣẹ́ tó rẹwà lóṣù kìíní lè máa wú, kó máa ṣí, kó sì máa rùn kí òjò ọdún yẹn tó dá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yan ohun tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ kí wọ́n tó wo ògiri tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra nìyí: omi, ohun èlò, iná, ẹni tó nilé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bátànì.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ò jìnnà sómi. Ọ̀sà wà nítòsí, òkun náà ò jìnnà, ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ sì rẹlẹ̀ débi pé tí òjò oṣù kẹfà bá dé, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìgbà tẹ́ni kan bá sọ fún yín. Nínú ilé tí wọn ò bá fi ohun tó ń dènà omi sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, búlọ́ọ̀kù á máa fa omi láti inú ilẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Omi yẹn máa ń gbé iyọ̀ dání. Tó bá gbẹ lójú ògiri, iyọ̀ á kù síta bí ìyẹ̀fun funfun, á sì máa ti ọ̀dà jáde díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wo ibi tí àbààwọ́n wà, ẹ óò mọ ibi tí omi ti ń wá:

- Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló wà, láti ilẹ̀ dé nǹkan bíi mítà kan sókè, inú ilẹ̀ ló ti ń wá.
- Tó bá jẹ́ òkè ni, ẹ wo òrùlé, páìpù AC, tàbí ilé ìwẹ̀ àwọn tó ń gbé lókè yín.
- Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo láàárín ògiri, ẹ béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ògiri pálọ̀ kan náà ni ògiri balùwẹ̀, páìpù sì lè wà nínú ẹ̀.

Tí kò bá sí àbààwọ́n, ẹ ṣì dán an wò. Ẹ gé nylon tó mọ́lẹ̀ kedere, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ lọ́nà méjèèjì. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní gbogbo etí, kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Tí omi bá ṣẹ́ sẹ́yìn nylon, lápá ibi tó kọjú sí ògiri, ògiri yẹn ń mumi. Tó bá jẹ́ iwájú nylon ló ṣẹ́ sí, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló lọ́rinrin ju, fèrèsé lẹ nílò kì í ṣe bíríkìlà. Òjò ni kẹ́ ẹ ti ṣe ìdánwò yìí tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, torí nínú ọyẹ́, ògiri tó ń mumi náà lè díbọ́n pé òun gbẹ.

Tí ògiri bá ń mumi, ẹ má bò ó. Ẹ wá orísun omi náà, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà ha ìrẹ́ tó ti bàjẹ́ kọjá ibi tí àbààwọ́n dé, kó fi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n po oògùn adènà-omi mọ́ tún un rẹ́. Ẹ fún un ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó gbẹ kẹ́ ẹ tó kun nǹkan kan sí i. Ìnáwó yìí ò ṣeé fi sórí Instagram, àmọ́ òun ló máa sọ bóyá ìyókù owó yín á ṣòfò.

Àwọn ohun èlò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

*Ọ̀dà.* Òun ló wọ́n kù jù, òun ló sì rọrùn jù láti tún ṣe. Tí nǹkan bá yí padà lára ògiri, ẹ óò tètè rí i. Ọ̀dà aláwọ̀ jíjìn lẹ́yìn tẹlifíṣàn nìkan, kí ìyókù yàrá jẹ́ funfun tàbí àwọ̀ yanrìn, ti tó fún ọ̀pọ̀ pálọ̀. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe screeding kẹ́ ẹ tó kun ọ̀dà, ẹ rántí pé èyí tí wọ́n fi POP pò kì í fara da omi rárá.

*Wallpaper.* Ó yá, ó sì pọ̀ lọ́jà. Àmọ́ lórí ògiri tó lọ́rinrin, gọ́ọ̀mù á jó rẹ̀yìn, etí ẹ̀ á ká, ẹ̀yìn ẹ̀ á sì bu dúdú dúdú bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ẹni tó ní ikọ́ asima ò gbọ́dọ̀ máa mí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú.

*Fóòmù 3D tí wọ́n ń ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ̀.* Ọmọ kékeré gan-an lè lẹ̀ ẹ́. Fóòmù ni, ó sì máa ń tètè gbiná. Tó bá wu yín, ẹ jẹ́ kó wà lára ògiri míì, kó jìnnà sí wáyà àti tẹlifíṣàn.

*PVC panel àti UV marble sheet.* Èyí ló gbòde. Sheet kan sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, ó fúyẹ́, ó sì ń dán bíi mábù gidi. Omi ò lè pa òun fúnra ẹ̀ lára, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà: ó máa bo ògiri tó ń jẹrà mọ́lẹ̀ títí ọjọ́ tí gọ́ọ̀mù máa já, tí gbogbo ẹ̀ á wó sórí tẹlifíṣàn. Ike ni. Ooru ń mú un rọ̀, tó bá sì ń jó, èéfín ẹ̀ máa ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun, ó sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

*Fluted panel.* Lẹ́búlẹ́bú pákó àti ike ni wọ́n sábà máa ń pò pọ̀ ṣe é. Ó rẹwà lóòótọ́, pàápàá tí iná LED bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nítòsí Wharf Road tàbí Creek Road, níbi tí trailer ń gbà wọ èbúté, ẹ mọ irú eruku tó ń wọlé. Gbogbo ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ara panel yẹn ni eruku máa jókòó sí. Ṣé ẹ ráyè máa fi búrọ́ọ̀ṣì nu wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

*Pákó.* MDF máa ń wú bíi bísíkíìtì tó wọnú tíì tí omi bá kàn án. Plywood sàn jù ú lọ. Tó bá jẹ́ pákó gidi, ìrókò àti àpá lágbára, ikán kì í sì tètè rí tiwọn ṣe. Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, ẹ má jẹ́ kó fara kan ilẹ̀: ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi oògùn ikán kun ẹ̀yìn ẹ̀ kí káfíńtà tó kàn án.

*Táìsì àti òkúta.* Ìwọ̀nyí kì í jóná, wọn kì í wú, aṣọ tútù ló sì ń nù wọ́n. Ìwọ̀n wọn ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Mábù gidi tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì tó nǹkan bíi kílò 54 lórí mítà kan ní ìbú àti òró. Porcelain tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan ò ju ìdajì ìyẹn lọ. Wọn ò gbọ́dọ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ orí ọ̀dà, torí ọ̀dà ni wọ́n máa gbé ara lé, ọ̀dà náà ló sì máa já. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ha á títí tó fi máa kan ìrẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ òkúta ilẹ̀ wa, mábù wà ní Ìgbẹ́tì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọjà Orílé-Coker ò jìnnà sí yín, ó sì dáa kẹ́ ẹ débẹ̀ fúnra yín dípò kẹ́ ẹ kàn fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ tọrọ àjákù panel tàbí pákó tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mọ́jú. Ohun tó bá wú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì máa wú lára ògiri.

Iná: ibi tí kò gba eré

A ò dáná igi sí ògiri wa, àmọ́ iná mọ̀nàmọ́ná wà níbẹ̀: tẹlifíṣàn, dìkódà, stabilizer, iná LED, nígbà míì inverter. Tí iná bá lọ tó sì dé lójijì, tàbí tẹ́ ẹ bá yí i sórí jẹnẹrétọ̀, ibi tí wáyà ti so mọ́ra lọ́nà tí kò dáa ló máa ń kọ́kọ́ gbóná. Tí irú oríkèé bẹ́ẹ̀ bá fara pamọ́ sẹ́yìn ike, ẹ ò ní rí i, ẹ ò sì ní tètè gbóòórùn ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 2017, iná bẹ̀rẹ̀ láti inú firíìjì kan nílé àjà púpọ̀ Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí wọ́n fi bo ara ilé náà níta, tó ní ike nínú, ló mú kí iná gun ilé náà dókè. Èèyàn 72 ló kú. Ìta ilé nìyẹn, inú pálọ̀ lèyí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ohun tẹ́ ẹ bá fi bo ògiri lè di oúnjẹ iná. Nínú pálọ̀ tó ní ilẹ̀kùn kan, tí irin wà lójú fèrèsé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà fún yín láti jáde.

Torí náà:

- Kí oníná gba wáyà kọjá nínú páìpù, kó lo wáyà kọ́pà tó nípọn tó 2.5mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó má sì so wáyà pọ̀ sẹ́yìn panel.
- Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní gíga tẹlifíṣàn gan-an, kẹ́ ẹ má bàa fi extension box há ẹ̀yìn ẹ̀.
- Kí stabilizer àti dìkódà wà ní gbangba, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kàn wọ́n.
- Tẹ́ ẹ bá fẹ́ panel dandan, ẹ fi táìsì sí ojú ibi tí tẹlifíṣàn àti wáyà wà, kí panel wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Ẹ̀rọ kan wà lọ́jà báyìí tó ń fi iná àtùpà ṣe bí ẹni pé igi ń jó. Tó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ nìkan lẹ tàn, kò jẹ iná púpọ̀. Ṣùgbọ́n apá tó ń mú ilé gbóná máa ń fa tó 1,500 sí 2,000 wáàtì. L'Ékòó? Mítà prepaid yín á ké gbàjarè. Ẹ sì fi nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó, 112 àti 767, sórí fóònù yín.

Ta ló nilé?

Ní agbègbè Boundary, níbi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti pààlà, òfin náà pààlà. Òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011 sọ pé tí ayálégbé bá gba àṣẹ láńlọ́ọ̀dù nínú ìwé kó tó ṣe àtúnṣe sílé, tí láńlọ́ọ̀dù sì wá fòpin sí ìyálégbé náà, ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè owó àtúnṣe yẹn nígbà tó bá ń kó jáde. Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ òfin yìí. Àmọ́ òfin kan náà yọ Àpápá sílẹ̀, òun àti GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ní Àpápá, ohun tẹ́ ẹ bá kọ sínú ìwé àdéhùn yín lẹ máa dì mú, torí náà ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ̀rọ̀ ògiri náà sínú ẹ̀.

Níbi méjèèjì, "Bàbá, mo fẹ́ tún pálọ̀ ṣe o," "Kò burú, ọmọ mi," ò tó. Inú ìwé ni kó wà. Tí láńlọ́ọ̀dù ò bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ yan ohun tẹ́ ẹ lè tú kó lọ: kẹ́ ẹ kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri pẹ̀lú skúrù, kẹ́ ẹ wá gbé panel kọ́ ọ lára. Àlàfo tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀ á tún jẹ́ kí ògiri máa mí. Táìsì ní tiẹ̀, ẹ ò lè kó o lọ. Láńlọ́ọ̀dù lẹ ṣe é fún.

Bátànì

Pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá ò nílò kẹ́ ẹ bo gbogbo ògiri. Tẹlifíṣàn ínǹṣì 55 fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 22. Ẹ ṣe ọ̀ṣọ́ sáàárín nìkan, kó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Owó yín á dín, yàrá á sì dà bíi pé ó ga. Kí àárín tẹlifíṣàn wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 100 sí 110 láti ilẹ̀, kí ọrùn má bàa máa dùn yín. Tí fèrèsé bá kọjú sí ògiri náà, ẹ sá fún ohun tó ń dán gbinrin.

Ní kúkúrú: tẹ́ ẹ bá háyà ilé tí ògiri ẹ̀ ò sì dá yín lójú, ọ̀dà ni. Tẹ́ ẹ bá háyà ilé tí ògiri gbẹ, panel tó ṣeé tú, tí wáyà ò sì gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ ilé yín ni, táìsì lẹ́yìn tẹlifíṣàn, pákó ìrókò tàbí àpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí agbára bá gbé e. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń pe àdúgbò yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ajé tiyín lọ gúnlẹ̀ sára ògiri tó ń mumi.